Fídíò Wòlímọ̀ Wa: Bí A Ti Ń Kó O Láti Inú Kámẹ́rà Wọ Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí àwọn tí ó ń ṣe ètò ìwé ọdọọdún ilé-kéwú wa yìí ní kí a mú àròkọ wá, ohun tí wọ́n ń retí ni kí a kọ nípa náháwù tàbí tàjúwíìdì, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn wa láti bí ọdún mélòó kan, òun ni ọ̀rọ̀ fídíò tí à ń yà ní ọjọ́ wòlímọ̀, pàápàá jù lọ bí wọ́n ti ń kó o láti inú kámẹ́rà wọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tò ó. Kí ni ó kan àáfà kan kámẹ́rà? Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè bẹ́ẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ kà á dé ìdajì kí ó tó béèrè.

Gbogbo wa ni a mọ bí ọjọ́ wòlímọ̀ ti ń rí ní Ṣómólú àti Bàrígà. Àga àti kánópì á ti gba òpópónà láti òwúrọ̀, àwọn ọmọ á wọ aṣọ funfun, wọn á jókòó síwájú àwọn àáfà, wọn á sì ka ibi tí wọ́n bá ní kí wọ́n kà, àwọn òbí á máa ná wọn lówó. Nígbà tí àwa náà wà lọ́mọ kéwú ní àwọn ọdún 1990, ẹni tí ó bá rí jájẹ nìkan ni ó ń pe oní-fídíò. Kámẹ́rà ìgbà náà tóbi, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni ó sì ń lò. Ilé-iṣẹ́ JVC ti Japan ni ó gbé irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Orí rẹ̀ náà ni Living in Bondage dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ní 1992, tí òwò fíìmù fídíò fi gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, orí rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn òbí wa ti wo Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993. Nígbà náà kò sí pé à ń kó nǹkan wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ méjì ni oní-fídíò ń so pọ̀, á máa dà á kọ láti inú ọ̀kan sí èkejì. Ẹ̀dà kejì kì í mọ́ tó ìpilẹ̀, ẹ̀dà kẹta á sì tún ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1995 ni kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ń pè ní MiniDV jáde. Àwòrán inú rẹ̀ ti di òǹkà tí kọ̀ǹpútà lè kà, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ kì í ṣókùnkùn mọ́. Ní 2006 ni Sony àti Panasonic gbé ìlànà AVCHD jáde, nígbà tí ó sì yá, káàdì tí kò ju sítáǹbù ìwé lọ gba ipò kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn oní-fídíò. Ìrọ̀rùn ni, ṣùgbọ́n ó mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Bí wọ́n bá ti lo kásẹ́ẹ̀tì tán, wọ́n ń gbé e pamọ́ ni, wọ́n á ra òmíràn. Káàdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n, nítorí náà ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè fi ya òde mìíràn. Láàárín òde kan sí èkejì yẹn ni gbogbo ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ to fídíò ní ètò kan nínú kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe é. Adobe Premiere, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991, ni a sábà máa ń bá lọ́wọ́ àwọn oní-fídíò tí a mọ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ Import sí. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, tí ó sì tọ́ka sí àwọn fáìlì inú káàdì, kíá ni àwòrán á tò lẹ́sẹẹsẹ sójú kọ̀ǹpútà. Ó ń rí ọmọ tí ń kéwú, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lè gé e, ó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ṣé kò ti wọlé báyìí? Kò tíì wọlé. Ohun tí Premiere ṣe ni pé ó kọ àdírẹ́sì ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ fìhírísì tí ó máa ń wà nínú kìtábù, tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àlùwàlá wà ní ojú ewé báyìí, ọ̀rọ̀ sàká wà ní ojú ewé báyìí. Bí ènìyàn bá fa gbogbo kìtábù náà ya tí ó ṣẹ́ ku fìhírísì nìkan, kí ni yóò kà? Àwọn ètò mìíràn wà tí wọ́n ń da fáìlì kọ fúnra wọn, iMovie ti Apple wà lára wọn, Final Cut Pro sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn yan èyí tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èyí tí tirẹ̀ ń ṣe, kí ó gbà pé fìhírísì ni.

A ti fojú wa rí ohun tí ó ń tìdí èyí yọ. Ní ọdún kan, a ṣe wòlímọ̀ ní Bàrígà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ kéwú, àwọn àgbà ni ó kẹ́yìn, torí pé a ní kíláàsì alẹ́ tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń wá. Nínú wọn ni ìyá kan wà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ alífù. Bí ó bá ti palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń gbà bọ̀, ọdún mẹ́sàn-án ni ó sì fi ka Kùránì parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ya fídíò ọjọ́ náà mọ kámẹ́rà í dì mú. Nígbà tí ó délé lálẹ́, ó ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, ó tẹ Import, ó to àwòrán títí ilẹ̀ fi ṣú wọra, ó sì fi iṣẹ́ náà pamọ́ kí ó tó sùn. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ní nikaáhì kan tí ó fẹ́ yà. Ó yọ káàdì, ó dá a padà sínú kámẹ́rà, ó tẹ Format, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ajé tí ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú pupa ni ó bá níbi tí àwọn ọmọ ti jókòó, wọ́n sì kọ Media Offline sí i.

Ó wá sí ilé-kéwú pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Àáfà, ẹ forí jì mí. Mo rí i nínú kọ̀ǹpútà, mo tilẹ̀ ti gé e dé ìdajì. Mi ò mọ ibi tó gbà lọ.” A mọ̀ pé òtítọ́ ni ó ń sọ. Ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti ń wo bí wọ́n ti ń ṣe é, ojú ni ó fi kọ́ ọ, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fáìlì tí ó wà nínú káàdì àti èyí tí ó ti dé inú kọ̀ǹpútà. Àwọn òbí kò fi ara balẹ̀ tó àwa. Bàbá ọmọ kan wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí kò rí ààyè wálé, tí ó sì ń pè lójoojúmọ́ pé fídíò dà. Ìyá àgbà yẹn ní tirẹ̀ kò bínú rárá, ìbéèrè kan péré ni ó bi wá. Ó ní, “Àáfà, ṣé ẹ ó tún pe jàmáà kí n wá kà á lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé. (Ẹni tí kò bá mọ ìwé títẹ̀ mọ́ Ṣómólú kò tíì mọ Ṣómólú, ìwé ìpè wòlímọ̀ àti kàlẹ́ńdà tí àwọn ilé-kéwú ń pín, ibẹ̀ ni a ti ń tẹ̀ ẹ́.) Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a gbé káàdì náà lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má tún fi káàdì náà ya ohunkóhun. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí kámẹ́rà bá ṣe Format, kì í sábà fọ káàdì bí a ti ń fọ wàláà. Fìhírísì inú káàdì ni ó ń pa rẹ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí a óò fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PhotoRec, tí wọn kì í gba owó lé lórí, ni ó fi tú inú káàdì náà láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ya wòlímọ̀ wa. Nikaáhì tí wọ́n yà lé e lórí gba bíi wákàtí méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ káàdì ni ó sì ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Gbogbo ọmọdé tí ó kọ́kọ́ kà ni ó bá a lọ, ọmọ bàbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù wà lára wọn. Àwọn àgbà tí ó kẹ́yìn ni a rí yọ. Níbi tí ìyá àgbà ti ń kà, àwòrán já lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ sì ń pín sí igun-igun, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dá ṣáká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí àwọn ènìyàn ti kígbe Allāhu Akbar. A pè é wá kí ó wá gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí a tún un gbé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ń bá a kà.

Irú ewu yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àáfà ìgbàanì. Nínú ìmọ̀ hàdíìsì, ẹni tí ó bá da ìwé kọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ wé ìpilẹ̀ kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Muqābala ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, Ibn as-Salāh, tí ó kú ní 643 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn 1245 mìlàdíyà, sì sọ̀rọ̀ lé e nínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ hàdíìsì. Wọ́n gbà á wá pé Urwa ọmọ Zubayr bi ọmọ rẹ̀ Hishām bóyá ó ti kọ ọ́, ó ní òun ti kọ ọ́. Ó bi í bóyá ó ti fi wé ìpilẹ̀, ó ní rárá. Bàbá rẹ̀ sì sọ fún un pé a jẹ́ pé kò tíì kọ ọ́ nìyẹn. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, a máa ń rí ọ̀rọ̀ náà balagha ní etí ìwé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dé ibí, láti fi hàn ibi tí wọ́n fi wé ìpilẹ̀ dé. Àwa olùkọ́ jókòó, a sì wò ó pé ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì nìyí, kí ni kò jẹ́ kí a lò ó fún káàdì?

Báyìí, kí oní-fídíò tó kúrò ní ọgbà wa, a ń da gbogbo inú káàdì rẹ̀ kọ sí hard disk méjì. Gbogbo rẹ̀ ni a wí. Ìdí ni pé kámẹ́rà AVCHD kì í kọ fídíò gígùn sí ojú kan. Káàdì tí wọ́n tò ní ìlànà FAT32 kò lè gba fáìlì kan tí ó bá ti tó 4 GB, nítorí náà kámẹ́rà á gé e sí ọ̀nà mélòó kan, á sì kọ bí wọ́n ti so mọ́ra sínú àwọn fáìlì kéékèèké mìíràn, gbogbo wọn á wà nínú fódà tí ń jẹ́ PRIVATE. Ẹni tí ó bá ṣa àwọn fáìlì ńlá nìkan, tí ó fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ pé kí ni wọ́n wúlò fún, ó lè bá a pé ohùn ń já níbi tí wọ́n ti gé e. Bí ó bá jẹ́ òde ijó ni, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n Kùránì ni wọ́n ń kà níbí. Bí ohùn bá já láàárín áyà kan, ẹni tí ó ń gbọ́ yóò rò pé ọmọ ni ó fò ó, yóò sì máa fi ojú aláìgbọ́ kéwú wo ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn náà ni muqābala. A ó yọ káàdì kúrò lára kọ̀ǹpútà ná. Yíyọ yìí ni ìdánwò, nítorí pé bí ó bá jẹ́ fìhírísì lásán ni, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Olùkọ́ méjì ni ó ń ṣe ìyókù. Ọ̀kan ń ṣí fáìlì kọ̀ọ̀kan láti orí hard disk, á wo ìbẹ̀rẹ̀, á wo àárín, á wo òpin. Èkejì mú ìwé tí a ti kọ iye fáìlì inú káàdì àti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí, ó ń fi àmì sí i bí wọ́n ti ń pè é. Bí ó bá pé, a ó kọ balagha àti ọjọ́ oṣù sí ara páálí káàdì. Káàdì tí kò bá ní balagha, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe Format rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òun ni ó ni ín. Ó sì wà nínú àdéhùn tí a ń bá oní-fídíò ṣe kí a tó san owó àsansílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín pé kí ni àwọn àáfà mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. A gbọ́ nísinsìnyí pé méjì nínú wọn ti ń ṣe é fún àwọn oní-nikaáhì tiwọn. Hard disk kan ń gbé ilé-kéwú, èkejì ń gbé ilé ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́sálásí ní Ṣómólú, nítorí pé Bàrígà súnmọ́ ọ̀sà, bí òjò bá sì rọ̀ púpọ̀, gbogbo wa ni a mọ bí àwọn òpópónà kan ti ń rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àpótí irin tí ó wà nínú ọ́fíìsì. Kásẹ́ẹ̀tì VHS àti MiniDV ni ó kún inú rẹ̀, láti ìgbà àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú wa. Nínú ọ̀kan ni Bàbá wa olóògbé tí ó dá ilé-kéwú yìí sílẹ̀ ti ń ṣe wáàsì, kò sì sí ibòmíràn tí a tún ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Kíkó ti kásẹ́ẹ̀tì wọlé kò dà bí ti káàdì. Kò sí dídà kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ wákàtí kan, wákàtí kan gbáko ni a ó fi gbé e, tí kọ̀ǹpútà á máa gbà á bọ̀. Ti VHS, wáyà aláwọ̀ ìyeyè ni ó ń gbé àwòrán, pupa àti funfun ń gbé ohùn, wọn á gba inú ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń sọ wọ́n di òǹkà. Ti MiniDV, wáyà FireWire ni, wákàtí kan rẹ̀ sì ń gba bíi 13 GB. Kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú ihò FireWire mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ti Ṣómólú ṣì ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó ní in, a sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má tà á. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì VHS kí ó tó kì í bọ ẹ̀rọ ni pé ó ń ká eyín kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà lè kọ ohunkóhun lé e lórí bí ọwọ́ bá ṣèèṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àyè ṣì wà, ẹ gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Funai ti Japan, tí ó kẹ́yìn àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù July 2016. Èyí tí ó wà nílẹ̀ ni a ó máa tún ṣe títí yóò fi tán. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tiwa, àwọn kan ti bu bí búrẹ́dì ọlọ́jọ́ púpọ̀, nítorí ooru àti ọ̀rinrin Èkó. Kò sì í ṣe ilé-kéwú nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Fíìmù Shaihu Umar, ìtàn ọkùnrin onímọ̀ kan tí wọ́n mú láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ni Adamu Halilu ṣe ní 1976. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn rò pé ó ti sọnù, kí wọ́n tó rí i nínú ilé ìkóhun-pamọ́-sí ní Jos, tí wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, tí wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Fíìmù ńlá ni ìyẹn, ó rí olùgbàlà. Kásẹ́ẹ̀tì inú àpótí wa kò ní ẹlòmíràn tí yóò wá a bí kò ṣe àwa tí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ti Bàbá ti wọlé, a ti kọ balagha sí i. Mẹ́tàdínlógún ni ó kù.

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi fóònù yà, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀. Bí ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp bí ẹ ti ń fi tí àwọn ẹbí ránṣẹ́, ó ti fún un pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwòrán á ti ṣú. Ẹ gbé fóònù náà wá kí a fi wáyà kó o, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Fóònù kì í sì í fi ìwọ̀n kan náà ka àwòrán nígbà gbogbo, nítorí náà nínú ètò ìtòfídíò, ẹnu ọmọ àti ohùn rẹ̀ lè má bára mu mọ́ bí ó bá pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọ̀nà tí ó ń gbà tún un ṣe, ṣùgbọ́n fáìlì ìpilẹ̀ ni ó ń béèrè fún.

Ẹni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì wòlímọ̀ nílé, ìbáà jẹ́ ti ilé-kéwú wa tàbí ti ibòmíràn ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, kí ó gbé e wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kí ó kọ orúkọ ọmọ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́kọ́ dán an wò nínú ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ẹ̀rọ tí a kò lò fún ọdún púpọ̀ máa ń jẹ téèpù. A ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Owó hard disk nìkan ni a ó gbà.